Ọtí Pupa Àpọ́n àti Ẹran Orí Igi

Ta ló fi ata sí ẹran yìí? Mo ní, ta ló fi ata sí i? Ẹ gbé ife yín sílẹ̀, gbogbo yín, kí wáìnì pupa tí ọkọ ọmọ mi gbé bọ̀ láti òkè òkun yìí tó sọ ilé mi di ilé ikọ́. Oyèdìjí, gbé ọwọ́ rẹ kúrò lára ìgò yẹn. Ìwọ fi ẹja mu tìrẹ, o wá fajú ro bí ẹni tó lá ojú ọ̀bẹ, o ní ọtí náà kò dára. Ọtí náà dára. Ìwọ ni o kò mọ irú ẹni tí o ń fà lẹ́wù. Ẹ jókòó dáadáa kí n sọ ohun tí ojú Ọdẹ́dìran rí lọ́wọ́ irú ọtí yìí fún yín, kí ẹni tó bá tún fẹ́ mu ún mọ ohun tó yẹ kó fi sẹ́nu pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ Ọdẹ́dìran. Òun ló kọ́ mi ní iṣẹ́ ọdẹ, èmi tí ẹ ń wò yìí, tí mo pa ẹfọ̀n tí ìwo rẹ̀ wà lókè ilẹ̀kùn yẹn. Kò sí ọdẹ mìíràn tó pa irú rẹ̀ ní gbogbo agbègbè yìí títí di òní. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó dìde. Kò sí? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí mo ṣe le tó yìí, Ọdẹ́dìran ì bá fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé mi jù sórí àjà. Kò sí ohun tó ń bà á lẹ́rù nínú igbó, kò sì sí ohun tó ń fà á wá sílé bí kò ṣe ọbẹ̀ Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó jẹun nílé àwọn òbí Àwẹ̀ró, ata ọbẹ̀ náà mú un débi pé omi ń dà lójú rẹ̀, ikun ń dà nímú rẹ̀, ó sì na àwo rẹ̀ síwájú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù kún un fún mi." Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀.

Bí Ọdẹ́dìran bá ń lọ sígbó, ìdì ẹran méjì ni Àwẹ̀ró máa ń kó sínú àpò rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ẹran aláta, èyí tí yóò jẹ nínú ahéré rẹ̀. Èkejì ni a ń pè ní ẹran orí igi. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ẹ gbọ́ o. Bí ọdẹ bá gun orí igi tó ń ṣọ́ ẹran, kò gbọ́dọ̀ wúkọ́, kò sì gbọ́dọ̀ sín, torí bí ẹran bá gbúròó rẹ̀, ó di pé ó sá lọ. Nítorí náà, ẹran tí yóò máa jẹ lórí igi kì í ní ata rárá. Ẹran túùkú tó sanra ni, iyọ̀ nìkan ni wọ́n fi ń pa á lára, wọ́n á sì fi èéfín yan án tòun tọ̀rá rẹ̀ títí yóò fi dúdú. A kì í fi irú rẹ̀ han àlejò. Ojú máa ń tì wá, torí ó jọ oúnjẹ aláìsàn.

Ní ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró lọ ṣẹ́gi lẹ́yìn odi, kò padà wálé. Ọdẹ́dìran wá a títí, gèlè rẹ̀ ló bá nílẹ̀, pẹ̀lú ipa ẹsẹ̀ ńláńlá kan tí gìgísẹ̀ rẹ̀ wà níwájú, tí ọmọ ìka rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ó mọ̀ pé iwin ti gbé e lọ. Ó gbé ìbọn rẹ̀, ó fi àdá há ìbàdí, ó kọ́ àpò rẹ̀ tí ìdì ẹran méjèèjì wà nínú rẹ̀ sí èjìká, ó sì tọ ipa ẹsẹ̀ náà wọ igbó. N kò ní fi ọ̀nà tó rìn dá yín dúró. Ó rìn ín, ó sunkún, ó tún rìn ín.

Ẹnu ibodè ìlú kan ni ipa ẹsẹ̀ náà já sí. Ìlú Ahọ́n-Mímú ni wọ́n ń pe ìlú ọ̀hún, oúnjẹ àti ohun mímu nìkan sì ni àwọn iwin tó wà níbẹ̀ ń jà lé lórí. Iwin kan tó ń jẹ́ Eyín-Irin ló ń ṣọ́ ibodè náà. Kò kí Ọdẹ́dìran, kò bi í léèrè ohunkóhun, ó kàn la ẹnu.

Ọdẹ́dìran yìnbọn sí i lẹ́nu, gbòà! Eyín-Irin rún ọta ìbọn náà wómúwómú, ó tu ú sílẹ̀. Ó já ìbọn gbà, ó gé e sí méjì, ó sì gbé e mì. Ó wá fò mọ́ ọkùnrin náà, ó sì bù ú jẹ léjìká, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Ọdẹ́dìran ta gìrì, ó sá sẹ́yìn igi ìrókò kan, ó ń yọ orí síta kí iwin náà lè máa tẹ̀ lé e. Nígbà tí Eyín-Irin tún ju ẹnu sí i, ó yẹ̀ ẹ́, gbogbo eyín iwin náà sì wọ inú ìrókò lọ ṣinṣin, kò lè yọ wọ́n mọ́. Ṣé ẹ ní kó wá dúró máa wò ó ni? Ọdẹ́dìran fa àdá yọ, ó bẹ́ ọrùn rẹ̀. Ara ṣubú lulẹ̀, ṣùgbọ́n orí wà lára igi, ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Orí náà ní, "Máa wọlé. Ẹnu tó ń dúró dè ọ́ lọ́hùn-ún ju tèmi lọ."

Nígbà tó wọ inú ìlú, ó bá ìyá arúgbó kan létí odò, ó ń fọ igbá àti ife, omi odò náà sì pọ́n. Wọ́n ń pe ìyá náà ní Ìyá Afọgbá. Ọwọ́ rẹ̀ kún fún àpá. Ọdẹ́dìran dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. Ìyàwó mi ni mo ń wá."

Ìyá náà ní, "Obìnrin tó ń rùn fún èéfín yẹn? Ó wà láàfin, lẹ́bàá ìkòkò. Ọtí pupa kan wà lọ́dọ̀ ọba wa, ọtí èso àjàrà tó ti pẹ́ nínú ìkòkò ju gbogbo wa lọ. Àpọ́n ni a ń pè é, torí kò tíì sí oúnjẹ tó bá a gbé. Ìgbà tí wọ́n fi ẹja fún un, ó di irin lẹ́nu ẹni tó mu ún, ó sì gé ahọ́n rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi oyin fún un, ó korò, ó ká ẹni náà mọ́lẹ̀, ó sì yọ gbogbo eyín rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wọn ni mo ń fọ̀ kúrò lára ife yìí. Ní báyìí, Agbémì tó jẹ́ olórí àwọn atọ́wò ní ẹran ìyàwó ọdẹ ló kù tí àwọn kò tíì fi fún un."

Ọdẹ́dìran sún mọ́ ọn. Ó ní, "Ìyá, kí ni ọtí náà ń fẹ́?"

Ìyá náà mi orí, ó ní, "A kì í sọ ọ́ tààrà níhìn-ín. Ó gbẹ lẹ́nu bí orógbó, ó ń wá ẹni tí yóò fi ọ̀rá pa á lára. Ẹni tó sì kórìíra jù láyé, pupa ni bíi tirẹ̀, gbogbo ìyàwó ilé ló sì—"

Ṣùgbọ́n Ọdẹ́dìran ti ń sáré lọ. Ó ti gbọ́ ọ̀rá, ó sì mọ̀ pé ẹran ọlọ́ràá wà nínú àpò òun. Ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbé lọ sáàfin, ẹ ò rí nǹkan bí? Ọkùnrin tó lè jókòó sórí igi láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀ láìmira, kò lè dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó tán.

Orí ìjókòó tí wọ́n fi egungun àgbọ̀n kọ́ ni ọba ìlú náà jókòó sí. Tọ́-ọ-wò-kó-o-tó-kú ni orúkọ rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìkòkò kan tó lè gba màlúù wà lórí iná, omi inú rẹ̀ sì ń hó. Wọ́n ti fi okùn so Àwẹ̀ró mọ́ òpó lẹ́bàá ìkòkò náà, wọ́n fi aṣọ dí i lẹ́nu. Agbémì dúró tì í, ó ń pọ́n ọ̀bẹ. Iwin oníkùn gbẹ̀ǹdẹ̀kù ni Agbémì, kì í rún oúnjẹ, gbígbé ló máa ń gbé e mì.

Ọdẹ́dìran ké, ó ní, "Kábíyèsí! Ìyàwó mi nìyẹn! Ẹ jẹ́ kí n wá oúnjẹ fún ọtí yín, kí ẹ sì tú u sílẹ̀ fún mi!"

Ọba ní, "Òfin ìlú mi ni pé ẹni tó bá gbé oúnjẹ wá ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò pẹ̀lú ọtí. Bí Àpọ́n bá gbà á, mú obìnrin rẹ máa lọ. Bí kò bá gbà á, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ máa wọ ìkòkò yìí, ìwọ ni wọn yóò sì kọ́kọ́ sọ sínú rẹ̀, kí ìyàwó rẹ lè máa wò ọ́."

Wọ́n bu ọtí náà fún un. Ọdẹ́dìran gbé ife sókè, ó wò ó: ó pọ́n létí, ó dúdú láàárín. Ó yí ife náà, ó gbóòórùn rẹ̀, òórùn náà gbá a nímú bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ilé tí wọ́n ti tì pa fún ọdún pípẹ́. Ó wá na ọwọ́ sínú àpò, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ìdì ẹran méjèèjì. Ẹ wò ó, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àwẹ̀ró ń mi orí níbi tí wọ́n dè é mọ́, ó ń mi orí kíkankíkan, Ọdẹ́dìran rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Ṣé kí ọba wá jẹ ẹran aláìsàn lọ́wọ́ èmi Ọdẹ́dìran? Kí wọ́n ní ìyàwó mi kò mọ ọbẹ̀ sè?" Ó fa ẹran aláta yọ. Ẹ̀yin náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ta ni nínú yín ló máa gbé ẹran tí kò ní ata síwájú ọba?

Ó fi ẹran sẹ́nu, ó fi ọtí lé e.

Yéè! Àpọ́n pàdé ata nínú ẹnu Ọdẹ́dìran, ìjà bẹ́ sílẹ̀. Ata di iná, ọtí di iná, wọ́n jọ ń jó ahọ́n rẹ̀ títí awọ ahọ́n náà fi bó. Ọtí náà fò jáde lẹ́nu rẹ̀, ó di ọkùnrin pupa fìrìgbọ̀n kan, ó gbá a létí ọ̀tún, ó gbá a létí òsì, ó gbé e lọ sókè, ó sì là á mọ́lẹ̀. Egungun ìhà rẹ̀ kán. Ó tún fà á lẹ́sẹ̀ yí ààfin ká, ó ń fi orí rẹ̀ gbá òpó, gbàà, gbàà, ẹ̀jẹ̀ sì dí i lójú. Nígbà tó rẹ ọtí náà, ó ṣàn padà sínú ife rẹ̀, ó dákẹ́.

Agbémì bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Kábíyèsí, kí n sọ ọ́ sínú omi?"

Ọba ní, "Dúró. Òfin àtijọ́ kan wà pé ẹni tó bá lè dìde fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìyà Àpọ́n lè gbé oúnjẹ mìíràn wá. N kò rí ẹni tó dìde rí."

Ọdẹ́dìran gbọ́ ọ. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tẹlẹ̀, ó ṣubú. Ó fi orúnkún tẹlẹ̀, ó tún ṣubú, Agbémì sì fi ẹsẹ̀ ta á nímú. Ó gbá ẹsẹ̀ Agbémì náà mú, ó fi fa ara rẹ̀ dìde bí ẹni ń gun igi, ó sì dúró, ó ń mì tìtì. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ Ìyá Afọgbá tó kù wá yé e. Ẹni tó pupa bí ọtí náà, tí gbogbo ìyàwó ilé ní nílé ìdáná, ata ni! Ó fa ìdì kejì yọ nínú àpò, ó ní, "Kábíyèsí, ẹran orí igi nìyí. Kò ní ata." Ojú tì í bó ṣe ń sọ ọ́.

Ó bu díẹ̀ sẹ́nu. Kò mọ ohun tó fi sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́, kò rí iyọ̀, kò rí èéfín, kò rí ọ̀rá. Ahọ́n rẹ̀ ti kú. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọba ní, "Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ ti kú kò lè tọ́ nǹkan wò. Ta ni yóò tọ́ ọ wò fún ọ?"

Àwẹ̀ró fi orí gbá òpó títí aṣọ fi tú kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni! Èmi ni mo yan ẹran náà!"

"Àwẹ̀ró, má ṣe bẹ́ẹ̀! Yóò pa ọ́!"

"Ẹ dákẹ́, ọkọ mi. Ẹ ti jẹ tiyín. Ẹran orí igi wà nínú àpò yín, ẹ wá fi aláta ṣáájú, ẹ ò rí mi bí mo ṣe ń mi orí títí ọrùn fi fẹ́ kán? Ẹ gbé e wá jàre."

Ọdẹ́dìran bu ẹran náà sí i lẹ́nu, ó sì gbé ife sí i létè.  Àwẹ̀ró mu ún, ó di ojú. 

Ọdẹ́dìran ní, "Kí ló ń ṣe? Àwẹ̀ró, sọ fún mi."

Àwẹ̀ró sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ní, "Ó ti fẹ́ ha mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀rá ẹran yìí ti bò ó. Kò ha mọ́. Iyọ̀ ń fà á mọ́ra. Mo rí èéfín igi ayín tí mo fi yan án. Mo rí àgbálùmọ̀ tó pọ́n jù, èyí tó já bọ́ fúnra rẹ̀. Mo rí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Tábà bàbá mi náà wà níbẹ̀, lẹ́yìn pátápátá. Ọkọ mi, kò jà. Ó ti jókòó."

Ọba já ẹran gbà, ó fi ọtí lé e. Ó mu ún, ó jẹ ẹ́, ó tún mu ún. Omijé ń dà lójú iwin tó ti pa ẹgbàágbèje ènìyàn, ó ní, "Àpọ́n ti láya. Ẹ tú obìnrin náà sílẹ̀."

Ọdẹ́dìran tú okùn ara ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n Agbémì kò gbà o! Ó ti ń retí ẹran Àwẹ̀ró, itọ́ ti kún un lẹ́nu. Ó já ife ọtí gbà kó lè lágbára, ó da gbogbo rẹ̀ sẹ́nu, ó sì sáré sí wọn pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ó gún Ọdẹ́dìran nítan. Ọdẹ́dìran ṣubú lé orí ìyàwó rẹ̀, ó fi ara bò ó, Agbémì sì gbé ọ̀bẹ sókè láti gún àwọn méjèèjì pọ̀, ẹnu rẹ̀ là gbàgà. Ọdẹ́dìran na ọwọ́ sí ìdì ẹran aláta tó wà nílẹ̀, ó sì jù ú sínú ẹnu náà lódindi. Ẹ mọ̀ pé kì í rún oúnjẹ. Ó gbé e mì.

Ata bá Àpọ́n nínú ikùn rẹ̀. Agbémì dúró, ó ju ọ̀bẹ nù, ó di ikùn mú. A ń gbọ́ ìjà náà láti ìta: wọ́n ń gbá ara wọn mọ́ egungun ìhà rẹ̀ láti inú, ikùn náà ń ta síhìn-ín, ó ń ta sọ́hùn-ún. Ó ké, ó sáré yí ìkòkò ká, ikùn rẹ̀ sì bẹ́, pòò! Ó wọ inú omi gbígbóná náà ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Mo ní "a ń gbọ́", ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ọdẹ́dìran ló sọ ọ́ fún mi, bó bá sì sọ nǹkan, bí ẹni pé o wà níbẹ̀ ni.

Àwẹ̀ró gbé ọkọ rẹ̀ kọ́ èjìká, wọ́n kọjá orí Eyín-Irin tó ṣì wà lára ìrókò, wọ́n sì wálé.

Nígbà tí ọgbẹ́ rẹ̀ jiná, Àwẹ̀ró se ọbẹ̀. Ọdẹ́dìran jẹ ẹ́, ó ní, "Ó dùn o, Àwẹ̀ró. Ọwọ́ rẹ kò yí padà." Àwẹ̀ró wò ó. Omi kò dà lójú rẹ̀, ikun kò dà nímú rẹ̀. Obìnrin náà ti mọ̀ọ́mọ̀ se ọbẹ̀ náà láìfi iyọ̀ sí i, láìfi ata sí i. Ó bú sẹ́kún. Ó sunkún tán, ó fi gèlè nu ojú, ó gbé àwo náà padà lọ sí ìdáná, ó lọ ata tuntun, ó se òmíràn. Ó wá jókòó tì í, ó fi òkèlè tirẹ̀ run ọbẹ̀ náà, ó ní, "Iyọ̀ rẹ̀ ṣe rẹ́gí. Irú wà níbẹ̀ díẹ̀. Ata rẹ̀ ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó ti dé!" Ọdẹ́dìran á wá gbé tirẹ̀ mì, á fa èémí sẹ́nu, á ní, "Ṣẹ́ẹ̀! Ó mà ta o!" Àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín. Ojú mi báyìí ni wọ́n ti ń ṣe é. Láti ìgbà náà, kò sí oúnjẹ tí ọkùnrin yẹn jẹ lóun nìkan.

Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo gbé oúnjẹ lọ fún ọ̀gá mi. Ó ti darúgbó. Ó bu òkèlè, ó fi run ọbẹ̀, ó fi sẹ́nu, kò sì gbé e mì. Ó fi í sẹ́nu bẹ́ẹ̀, ó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí Àwẹ̀ró máa ń jókòó sí, ó ń dúró. Èmi tí mo pa ẹfọ̀n, mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mo bu ọbẹ̀ náà lá, mo ní, "Iyọ̀ rẹ̀ ṣe rẹ́gí, Bàbá. Irú wà níbẹ̀. Ata rẹ̀ ti dé."

Ó gbé e mì. Ó ní, "Ó ta."

Ó tó. Ẹ lọ wá ẹran ọlọ́ràá tí kò ní ata fún mi nílé ìdáná, kí ẹ sì bu ọtí náà padà sínú ife. Oyèdìjí, ìwọ ni o máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí o sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo wa gbọ́.